Àkàrà Mọ́kọ́lá Gbóná Dé Ìkẹjà: Ẹ Kú Oríire Àádọ́rin Ọdún, Fokker Friendship

Ẹ̀yin ará Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, ẹ kú oríire! Ẹ̀yin ará Sángo, ẹ̀yin ará Sàmọ́ńdà, ẹ̀yin tí ẹ fi ẹsẹ̀ òkè Premier Hotel ṣe pápá ìṣeré nígbà èwe yín, ẹ kú ayọ̀ o. Ọ̀rẹ́ wa àtijọ́ ti pé ọmọ àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá ọdún 1955 ni bàálù Fokker F27 kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀ ní Schiphol, lórílẹ̀-èdè Netherlands. Àwọn tó ṣe é sọ ọ́ ní Friendship, ìyẹn Ìbáṣọ̀rẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2025, àádọ́rin ọdún pé géérégé.

Bí bàbá ẹni bá pé àádọ́rin ọdún ní àdúgbò wa, a ó ta kánópì sójú títì, a ó pín aṣọ ẹbí, onígángan yóò sì máa fi ìlù pe orúkọ àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàálù tí mo ń wí yìí tó bẹ́ẹ̀ lójú mi. Òun ló jẹ́ kí ọmọ Mọ́kọ́lá bíi tèmi mọ̀ pé ojú ọ̀run kò ga ju ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n lu ìlù rẹ̀ fún un bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lù.

Ẹ̀yìn ọjà Mọ́kọ́lá ni ilé wa wà. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá yìí kò ní aago. Láàárọ̀, ìpè àsùbáà láti mọ́ṣáláṣí ni yóò fi dá ẹ̀wà rẹ̀ sínú ọlọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bàálù ni. Pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà ní Sàmọ́ńdà nígbà náà, kò jìnnà sí wa rárá, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Bí bàálù láti Èkó bá ti ń rẹlẹ̀ bọ̀, ìyá àgbà yóò gbé orí sókè, yóò fi ọwọ́ bo iwájú orí nítorí oòrùn, yóò sì kígbe sí wa pé, “Ọ̀rẹ́ ti dé o! Ẹ gbé agbada kaná!”

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ló túmọ̀ orúkọ bàálù náà fún un lọ́jọ́ kan. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Orúkọ ń ro ọmọ. Àbí ẹ ò rí i pé kì í tàsé àsìkò mi?” Láti ọjọ́ náà, kò pe bàálù náà ní orúkọ mìíràn mọ́.

Etí la fi ń dá a mọ̀ ká tó fi ojú rí i. Bàálù Dakota tó wà ṣáájú rẹ̀ a máa dún gbùngbùn bí ẹ́ńjìnnì ìlọta. Fokker kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Súfèé ni tirẹ̀, súfèé tó tín-ín-rín, tó sì mú, tí yóò gun etí bí ìgbà tí ọdẹ bá ń pe ajá rẹ̀ láti inú igbó. Àwa ọmọ ilé yóò sáré jáde, a ó dúró sójú títì, a ó máa juwọ́, a ó máa pariwo. Ó dá mi lójú nígbà náà pé awakọ̀ ń rí wa. Mo ti gun bàálù púpọ̀ láti ìgbà náà, mo sì mọ̀ pé ojú iṣẹ́ ni ojú awakọ̀ máa ń wà nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó ń rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí Mọ́kọ́lá, ta ló mọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe di tiwa. Ọdún 1946 ni àwọn òyìnbó amúnisìn dá ilé-iṣẹ́ bàálù WAAC sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ọdún kejì rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, pẹ̀lú bàálù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Dove, ìyẹn àdàbà. Nígbà tí Gold Coast di Ghana tó sì lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, Nàìjíríà náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1958, wọ́n pè é ní WAAC Nigeria. Ìpín ilé-iṣẹ́ bàálù BOAC àti ti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi Elder Dempster ṣì wà nínú rẹ̀. Ọdún 1961, lẹ́yìn òmìnira, ni ìjọba àpapọ̀ ra ìpín àwọn méjèèjì, ilé-iṣẹ́ náà sì di ti Nàìjíríà látòkè délẹ̀. Nigeria Airways ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1971 ni wọ́n tó fi orúkọ náà rọ́pò WAAC nínú ìwé. Erin tó ń fò ni àmì rẹ̀. Ẹ wo ohun ìwúrí! Àjànàkú tó ń mi igbó kìjikìji, wọ́n wá fún un ní ìyẹ́.

Dakota ni wọ́n fi ń sáré káàkiri ìlú nígbà náà. Bàálù tó lágbára ni Dakota, ṣùgbọ́n àgbà ti dé sí i: láti ọdún 1935 ló ti ń fò. Ilé-iṣẹ́ tó ti di ti ọmọ onílùú nílò ohun tuntun, Fokker ni wọ́n sì yàn. Ọdún 1963 ló dé sọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí ó bá balẹ̀ ní Ìbàdàn, ìlú tó bá pàdé nílẹ̀ kì í ṣe ìlú kékeré. Olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn ni. Yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti 1948, ilé-ìwòsàn UCH láti 1957, tẹlifíṣọ̀n WNTV, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà dúdú, láti oṣù kẹwàá 1959. Wọ́n ń kọ́ Ilé Kòkó lọ́wọ́ ní Dùgbẹ̀. Ọdún 1965 ló parí, alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mínísítà ní ìpàdé l’Ékòó, dókítà ní ìpàdé l’Ékòó, oníkòkó ní káńtà báńkì tó gbọ́dọ̀ dé kó tó tì. Ọ̀nà mọ́tò sì rèé, yálà kí o gba Abẹ́òkúta tàbí kí o gba Ṣàgámù já sí Ìkòròdú, ọ̀nà tóóró tí lọ́rì àti lọ́rì ń fi èjìká gbá ara wọn. Ẹni tó bá jáde nílé láàárọ̀, ó di dandan kó gbé oúnjẹ ọ̀sán dání.

Àmọ́ ibi tí ó ti wá ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Anthony Fokker tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ kò rí Friendship sójú. Ọdún 1939 ló kú. Ogun Àgbáyé Kejì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àwọn Jámánì gba ilẹ̀ Netherlands, bọ́ǹbù ba ilé-iṣẹ́ náà jẹ́, wọ́n sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó padà síbẹ̀ lẹ́yìn ogun bá àlàpà. Láàárín àlàpà yẹn ni wọ́n ti tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ro ó, pé kí ni àwọn lè ṣe tí yóò rọ́pò Dakota káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ẹni tí ogun ṣe báyìí wá wo ọmọ rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ìbáṣọ̀rẹ́. Nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n fi ń pe bàálù láyé, n kò mọ èyí tó dùn mọ́ mi tó o.

Wọ́n sì ro ó dáadáa. Ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè orí, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé pákó rù. Nítorí bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ kì í dí ẹnikẹ́ni lójú. Ọmọdé tó bá jókòó sídìí fèrèsé èyíkéyìí yóò rí ilẹ̀ kedere. Fèrèsé náà tóbi, ó rí bí ẹyin. Nítorí pé ìyẹ́ wà lókè náà ni ikùn rẹ̀ fi sún mọ́ ilẹ̀, ìyá arúgbó lè gun àtẹ̀gùn rẹ̀ láìsí pé wọ́n gbé e. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, Rolls-Royce Dart, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Dart yìí ló ni súfèé tí mo ń wí. Yóò fa afẹ́fẹ́ sínú, yóò tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí yóò fi ki, yóò fọ́n kẹrosíìnì sí i, iná yóò gbà á, agbára iná yẹn ni yóò sì máa yí abẹ̀bẹ̀ olójú mẹ́rin tó wà níwájú. Kò ní písítìnnì tó ń lọ sókè sódò bíi ti Dakota, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ kì í fi gbọ̀n púpọ̀. Wọ́n tún rọ́ afẹ́fẹ́ sínú ilé rẹ̀ kí èrò lè mí dáadáa lókè, nígbà tí èrò inú Dakota ń mí afẹ́fẹ́ tó bá bá lójú ọ̀run. Atẹ́gùn ni wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn náà ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òróró ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò. Èrò bí ogójì àti díẹ̀ ni yóò kún inú rẹ̀. Ó kéré tó láti balẹ̀ ní ibi tí pápá kò ti gùn, ó sì yára tó láti jẹ́ kí èèyàn gbàgbé mọ́tò.

Àwọn ará Ireland, ilé-iṣẹ́ Aer Lingus, ti fi ń kó èrò láti oṣù Kejìlá ọdún 1958. Ó lọ sí Australia, ó lọ sí India, ó lọ sí Indonesia. Ilé-iṣẹ́ Fairchild l’Ámẹ́ríkà gba àṣẹ láti máa ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n sì ṣe ju 200 lọ. Fokker fúnra rẹ̀ ṣe 586. Àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ wa náà lò ó. Ibi gbogbo tí wọ́n ti ní ìlú méjì tí kò jìnnà síra, tí ọ̀nà àárín wọn sì le, ibẹ̀ ni Friendship ti rí iṣẹ́. Nígbà tí mo bá kà nípa àwọn ọmọ abúlé kan ní òkèèrè tó ń sáré jáde láti juwọ́ sí i, mo máa ń rò pé ẹbí wa ni wọ́n, a kò kàn tíì pàdé ni.

Ọdún 1974 ni mo wọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Gbági nítorí aṣọ tó ń tà ní Gbági, fẹ́ lọ rí àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ l’Ékòó, ìsinmi sì ni fún wa nílé-ìwé. Ó ní òun á mú mi dání. Mo rò pé mọ́tò ni. Ní alẹ́ tó ṣáájú ni ó fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì han bàbá mi. N kò sùn. Mo gbọ́ gbogbo aago tó lù lálẹ́ ọjọ́ yẹn nílé ẹni tó wà lódìkejì wa.

Ìyá àgbà jí kí ìpè àsùbáà tó dún. Ó lọ ẹ̀wà, ó pò ó, ó dín àkàrà, ó di mẹ́wàá nínú wọn sínú ewé, ó tún fi bébà ìwé ìròyìn wé e lóde, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó bá wa dé Sàmọ́ńdà, nínú tasí, òun tí kì í wọ tasí. Ìdí ọgbà tí wọ́n fi wáyà ṣe ló dúró sí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí yóò rí Ọ̀rẹ́ nílẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní, “Ìwọ nìyí?” bí ẹni ń kí àna rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí awakọ̀ kan tó ń kọjá lọ nínú aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀, ìyá tó tó bí ìyá rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, bí ẹ ṣe gbé e lọ, ẹ gbé e bọ̀ fún mi.” Ọkùnrin náà bọ́ fìlà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré, ó ní, “Ẹ dìde, Mama. A ó gbé wọn bọ̀ láyọ̀.” Ọmọ Yorùbá ni! Títí dòní, bí mo bá rántí aṣọ funfun yẹn tó kan ilẹ̀, omi máa ń wá sójú mi.

Ẹ̀yìn la gbà wọlé, níbi tí àtẹ̀gùn wà. Iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí. Mo rí agbọ̀n, àpótí, báàgì lẹ́tà, mo sì rí apẹ̀rẹ̀ adìyẹ kan tí n kò mọ ẹni tó ni ín. Bàbá Gbági fún mi ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Obìnrin kan tó wọṣọ dáadáa gbé àwo swíìtì wá, ó ní ká máa lá a kí etí má baà dí. Mo mú ọ̀kan. Ó wò mí, ó ní, “Mú sí i,” mo sì mú méjì mìíràn. Abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀, mo ń ka apá rẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, títí n kò fi lè kà á mọ́, tó di nǹkan bí èéfín tó yí ká. Súfèé tí mo mọ̀ láti ojú títì wá di ohun tó ń dún nínú eyín mi. A sáré. Ilẹ̀ fi wá sílẹ̀.

Ohun tí mo rí tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹni tí kò gun ọ̀kan rí mọ̀. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ẹsẹ̀ bàálù náà wà, ìyẹ́ sì wà lókè, nítorí náà ẹni tó bá jókòó síbi tí mo jókòó sí ń wo ẹsẹ̀ náà tààrà. Táyà ṣì ń yí lórí afẹ́fẹ́. Lójijì ni ẹsẹ̀ náà ká sẹ́yìn, ó wọ inú ikùn ẹ́ńjìnnì lọ, ìlẹ̀kùn kékeré méjì pàdé lé e lórí. Bí ẹyẹ gan-an! Mo fa Bàbá Gbági láṣọ, mo ní, “Bàbá, ó ká ẹsẹ̀!” Ó ní, “Ẹni tó bá dé ilé Ọlọ́run, ṣé kò ní í ká ẹsẹ̀ ni?”

Mo wá òrùlé ilé wa, n kò rí i. Òrùlé páànù pọ̀ ju ohun tí ojú ọmọdé lè ṣà lọ. Mo rí Ilé Kòkó, mo rí omi Ẹlẹ́yẹlé tó ń kọ mọ̀nà, mo rí ojú irin rélùwéè tó gba inú igbó lọ bí okùn tí wọ́n nà. Lẹ́yìn náà igbó ló kù, igbó àti oko kòkó, àwọ̀ ewéko tó dúdú, àti òjìji wa kékeré tó ń sáré lórí igi, tó ń bá wa lọ. Mo bi Bàbá Gbági bóyá a ó jẹ àkàrà. Ó ní ká sinmi ná. Nígbà tó fi máa sọ pé ó yá, obìnrin aláṣọ dáadáa ti ní ká so bẹ́líìtì. Kò tó ìdajì wákàtí.

Inú yàrá àwọn èrò ní pápákọ̀ Ìkẹjà l’Ékòó la ti tú ewé náà. Èéfín jáde nínú rẹ̀. Àkàrà tí wọ́n dín ní Mọ́kọ́lá ṣì gbóná, ó gbóná débi pé Bàbá Gbági fẹ́ ẹ kó tó bù ú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Èkó ti di ẹ̀yìnkùlé wa.” Nígbà tí a padà délé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà. Kò béèrè nǹkan kan nípa òkun, kò béèrè nípa ilé gíga Èkó. Ohun tó ń bi gbogbo oníbàárà rẹ̀ fún oṣù kan gbáko ni pé, “Ṣé ẹ gbọ́ pé àkàrà mi gbóná dé Ìkẹjà?”

Ohun tó gba Ọ̀rẹ́ kúrò lójú ọ̀run Mọ́kọ́lá, ohun rere ni, n kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ọdún 1978 ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí. Ẹni tó bá ní mọ́tò tó dára lè jáde nílé ní Mọ́kọ́lá, kó sì dé Èkó kí oòrùn tó mú. Kí ni èèyàn yóò tún máa lọ sí pápákọ̀ fún, kó jókòó dúró, kó gbé ẹrù lé ìwọ̀n, nítorí ìrìn tí kò tó ìdajì wákàtí? Láàárín ìgbà kan náà, àwọn bàálù jẹ́ẹ̀tì ti dé, àbúrò Friendship fúnra rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fellowship wà nínú wọn, wọ́n sì fẹ́ pápá tó gùn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, Alákìá, lọ́nà Ifẹ̀, ni pápákọ̀ Ìbàdàn wà. Sàmọ́ńdà di ilé ọlọ́gbà àti ilé ìtajà. Ṣùgbọ́n ahọ́n àwọn ará ìlú kò gbàgbé: títí dòní, ẹ ó gbọ́ kí ẹnì kan sọ fún onímọ́tò pé Old Airport ni òun ti máa bọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì rí Aerodrome lára orúkọ àdúgbò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń pè é kò mọ̀ pé bàálù ti fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

Ilé-iṣẹ́ Fokker náà ti lọ. Gbèsè pa á lọ́dún 1996. Nigeria Airways ti lọ. Ọdún 2003 ni wọ́n tì í pa. Bàálù tí wọ́n jọ ní wá yè ju àwọn méjèèjì lọ. Ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé bàálù ní Lelystad, ní Netherlands, Friendship ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń nu ara rẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gùn ún wò. Bí ẹ bá sì lọ sí Alákìá lọ́jọ́ tí bàálù ATR bá balẹ̀ níbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Ìyẹ́ lókè orí. Abẹ̀bẹ̀ méjì. Ikùn tó sún mọ́ ilẹ̀. Èrò ń wọlé láti ẹ̀yìn, ẹrù ń wọlé láti iwájú. Ọmọ ilé ibòmíràn ni, àwọn Faransé àti Ítálì ló ni ín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí Friendship kọ́ ayé ló ń fi ara rẹ̀ hàn lára rẹ̀.

Nítorí náà mo kí yín. Mo kí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ Fokker tí ẹ fi ọwọ́ yín tún ilé tí ogun wó kọ́, ẹ̀yin tó kù láyé àti ẹ̀yin tí ẹ ti lọ. Mo kí ẹ̀yin awakọ̀ ilẹ̀ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ náà ní Zaria láti ọdún 1964 tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ bàálù sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin mẹkáníìkì tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì lóru. Ẹ kú ìnira, ẹ̀yin alágbàrù Sàmọ́ńdà. Mo kí ìwọ obìnrin tó gbé àwo swíìtì, níbikíbi tí o bá wà. Ọlọ́run á fi adùn sí ọjọ́ alẹ́ rẹ. Àti ìwọ awakọ̀ tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà mi lórí kọnkéré, ọmọ rẹ á dọ̀bálẹ̀ fún ọ.

Ìwọ náà, Friendship, gbọ́ oríkì tí ọmọ alákàrà kì ọ́:

Ìbáṣọ̀rẹ́, ọmọ Fokker,
Ọmọ tí wọ́n bí sínú àlàpà, tó bọ́ sójú ọ̀run tó ń rẹ́rìn-ín.
A-súfèé-kó-tó-yọ, aago ìyá alákàrà,
A-gbé-ìyẹ́-rù má ráhùn,
A-ká-ẹsẹ̀-mọ́ra bí àdàbà tó rí igi tó wù ú.
O gbé mínísítà, o gbé adìyẹ,
O kò bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta ni.
O mú Èkó súnmọ́ Mọ́kọ́lá,
Àkàrà kò tutù lọ́wọ́ rẹ.
Àádọ́rin ọdún ti pé, kí orúkọ rẹ má parun.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ní Sàmọ́ńdà, kò sí ohun kan lójú títì tí mo rí tó sọ fún ọmọdé tó ń kọjá pé ibí ni ìyá àgbà ẹnì kan ti dúró rí, tó ń wo bàálù. Mo fẹ́ kí pátákó kan wà níbẹ̀, kó ní àwòrán Fokker lórí, kó ní ọdún rẹ̀. Ilé Àṣà wà lórí òkè Mọ́kọ́lá, ojú ibi tí bàálù náà ń gbà kọjá. Ó tọ́ kí wọ́n fi ògiri kan níbẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ohun tí a ó kó sórí ògiri náà ló kù, ọwọ́ yín ló sì wà. Tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, bébà tí wọ́n so mọ́ àpótí, fọ́tò tí bàbá yín yà níwájú àtẹ̀gùn nínú agbádá rẹ̀: ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo inú àpótí ìyá yín. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fi dáná, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ gbé e jáde.